Ilé Gẹ́gẹ́ bí Ìwé Ìkọ́ni: Ìbẹ̀wò sí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìta Gbangba

Ìfáàrà

Bí olùkọ́ bá kọ òwe náà, "Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o," sí ojú pátákó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà á, wọn yóò sì túmọ̀ rẹ̀ pé ohun tí a kò fi ìpìlẹ̀ tó dára bẹ̀rẹ̀ kì í tọ́jọ́. Ìtumọ̀ yìí kò burú, yóò sì gba máàkì fún wọn nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ bèèrè ìdí tí òwe náà fi sọ pé "mọ" tí kò sọ pé "kọ́". Níbẹ̀ ni kíláàsì yóò ti dákẹ́. Ọmọ tí a bí sínú ilé búlọ́ọ̀kù mọ̀ pé à ń kọ́ ilé. Kò rí i rí kí a mọ ilé bí a ti ń mọ ìkòkò, kí ọwọ́ máa lẹ amọ̀ tútù mọ́ èyí tí ó ti gbẹ, ipele lórí ipele, kí ó sì jẹ́ pé bí omi tí a fi po amọ̀ náà bá ti tó ni ilé yóò ṣe lágbára tó. Ẹni tí ó bá ti rí iṣẹ́ yìí ni ẹni tí ó fi itọ́ dípò omi lè pa lẹ́rìn-ín.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rí lọ́kàn tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀nà tóóró tí ó la àárín ilé kọjá, tí yàrá kọjú sí yàrá ní ọ̀tún àti ní òsì. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí láàárín wa títí di ìgbà tí àwọn Àgùdà padà dé láti Brazil ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, tí àwòṣe ilé wọn sì tàn kálẹ̀. Nínú agbo-ilé àtijọ́, abẹ́ òrùlé tí ó yí àgbàlá ká ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń rànwú, ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń gbọ́ àlọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà síbẹ̀, ilé rẹ̀ ni ó ti yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìtàn àròsọ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò máa wo ibòmíràn.

Iṣẹ́ yìí dá lórí irú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí ó lè tán díẹ̀ nínú ìṣòro yìí, ìyẹn èyí tí ó jẹ́ pé ilé gan-an ni ohun ìwòran rẹ̀. A óò ṣàlàyé bí irú rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, a óò wo ọ̀kan ní ilẹ̀ Wales àti ọ̀kan ní Jos, a óò sì sọ ohun tí olùkọ́ èdè lè rí mú níbẹ̀. Èrò wa ni pé ilé alámọ̀ kò ṣeé kó pamọ́ bí a ti ń kó ère pamọ́. Ohun tí ó ṣeé pamọ́ nínú rẹ̀ ni ìmọ̀ ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ tí ó bá ìmọ̀ náà rìn, apá kejì yìí sì jẹ́ iṣẹ́ tiwa.

Ilẹ̀kùn tí kò ní ilé

Ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gẹ́gẹ́ bí gbọ̀ngàn tí a ti to ère, ìlù àti aṣọ sí ẹ̀yìn gíláàsì. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan tí ó kàn wá. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, ọ̀gá láàárín àwọn agbẹ́gilére, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924. British Museum fẹ́ láti ní in, wọ́n sì fi ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọba. Ọ̀dọ̀ wọn ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin náà wà ní Art Institute ti Chicago, ní Amẹ́ríkà.

Ẹwà wọn kò dín níbẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀kùn tí kò ní ilé kì í ṣí, kì í sì í tì. Òpó tí kò gbé òrùlé kankan ró ti di ère. Ẹni tí ó dúró níwájú ilẹ̀kùn náà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè mọ àgbàlá tí ó ṣí sí, tàbí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá bá àwọn àwòrán ara rẹ̀. Ìṣòro yìí ni àwọn tí ó dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìta gbangba sílẹ̀ fẹ́ yanjú. Dípò kí a yọ ilẹ̀kùn kúrò lára ilé, a ó kó ilé náà lódindi, pẹ̀lú àdògán rẹ̀, ìkòkò rẹ̀, ọgbà rẹ̀ àti ilé adìẹ rẹ̀.

Oscar Kejì, ọba Norway àti Swídìn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ilé onígi àtijọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlú tí à ń pè ní Oslo lónìí láti 1881. Ṣùgbọ́n Skansen, tí Artur Hazelius ṣí ní Stockholm ní 1891, ni ó sọ irú ibẹ̀ di mímọ̀ káàkiri, débi pé orúkọ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ lásán fún irú ibẹ̀ ní èdè Pólándì àti ní èdè Hungary. Ohun kan nípa Hazelius yẹ kí ó dùn mọ́ àwa tí a ń ka ìwé yìí. Olùkọ́ èdè ni. Ó kọ́ni ní èdè Swídìn ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́, òun sì ni akọ̀wé ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí àkọtọ́ àwọn èdè Scandinavia ní 1869. Àwa tí a mọ wàhálà tí a ṣe kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ Yorùbá ní 1974 yóò mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Nígbà tí ó rìnrìn àjò dé ẹkùn Dalarna ní 1872, ó rí i pé aṣọ àti ohun èlò àtijọ́ ń pòórá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Lẹ́yìn aṣọ ni ó kan ilé. Nǹkan bí 150 ilé ni ó wà ní Skansen báyìí.

St Fagans: níbi tí wọ́n ti kó ilé àti èdè jọ

Wales jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ di ilẹ̀ Bìrìtéènì, ó sì ní èdè tirẹ̀, èyí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti fún mọ́ ògiri fún ọjọ́ pípẹ́. Ní 1948 ni wọ́n ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé St Fagans ní ẹ̀yìn ìlú Cardiff. Ẹni tí ó kọ́kọ́ darí rẹ̀ ni Iorwerth Peate, akéwì ní èdè Welsh, tí ó ti ṣe ìwé lórí ilé ìbílẹ̀ Wales ní 1940. Ó tẹ̀lé àpẹẹrẹ àwọn ará Scandinavia, ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún jùlọ ni èdè. Lójú rẹ̀, àgbẹ̀ tí ilé rẹ̀ wó tí èdè rẹ̀ sì kú ti kú lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé tí ó wà níbẹ̀ lé ní 40. Bí wọ́n ṣe ń kó wọn wá ni pé wọn a kọ́kọ́ wọn ilé náà, wọn a yàwòrán rẹ̀, wọn a fi nọ́ńbà sí ara òkúta àti igi rẹ̀, wọn a tú u palẹ̀, wọn a sì tún un tò bí ó ti wà. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ṣọ́ọ̀ṣì Teilo Mímọ́, tí ó ti wà létí odò kan tí ó máa ń kún bò ó, gbà wọ́n tó ogún ọdún kí wọ́n tó ṣí i ní 2007. Lábẹ́ ẹfun tí wọ́n ti fi kun ògiri rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ ni wọ́n ti bá àwọn àwòrán ẹ̀sìn àtijọ́. Ilé àgbẹ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí ògiri rẹ̀ pupa foo, nítorí ìgbàgbọ́ pé àwọ̀ pupa ń lé ẹ̀mí búburú. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí osùn ń ṣe láàárín wa kò ní rẹ́rìn-ín.

Ibi tí a rò pé ó yẹ kí olùkọ́ dúró sí jùlọ ni ọ̀wọ́ ilé mẹ́fà tí wọ́n gbé wá láti Rhyd-y-car ní ìlú Merthyr Tydfil. Àwọn tí ń wa irin nínú ilẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ fún ní ìparí sẹ́ńtúrì kejìdínlógún. Ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà so mọ́ ara wọn, ìwọ̀n wọn sì jọra. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe inú ilé kìíní bí ó ti rí ní 1805, èkejì bí ó ti rí ní 1855, lẹ́yìn náà 1895, 1925, 1955, títí dé 1985. Bí ènìyàn bá ti ń jáde nínú ọ̀kan tí ó ń wọ òmíràn ni ìran ń gorí ìran. Nínú ti 1805, ohun èlò kò tó nǹkan, iná àdògán ni ohun gbogbo. Nígbà tí yóò fi dé ti 1985, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n kọjú àga sí. Ògiri kan náà, òrùlé kan náà. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé pàápàá ń yí padà bí ilé ti ń yí padà.

Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò dá "ayé àtijọ́" dúró sí ojú kan. Àìsàn kan ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìwé àṣà wa. A máa ń kọ ọ́ pé "ní ayé àtijọ́, àwọn Yorùbá a máa...", bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ayé àtijọ́, tí àjèjì sì wá fọ́ ọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ to ohun èlò inú pálọ̀ kan ní Ìbàdàn fún 1925, fún 1955 àti fún 1985, tí ó sì gbọ́dọ̀ pe gbogbo wọn ní orúkọ Yorùbá tí àwọn onílé ń pè wọ́n ní ìgbà náà, yóò ní láti lọ bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà. Yóò rí i pé páànù, fìtílà, rédíò àti bẹ́ẹ̀dì ti pẹ́ láàárín wa ju bí ó ti rò lọ, àti pé ọ̀rọ̀ àyálò ní ọjọ́ orí.

Ilé kejì tí ó yẹ kí a dárúkọ ni Nantwallter. Ilé tálákà kan ni, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1770 ní Carmarthenshire. Koríko ni òrùlé rẹ̀. Amọ̀ tí a po mọ́ pòròpórò koríko ni ògiri rẹ̀. Clom ni wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó gbàgbọ́ pé ilé amọ̀ jẹ́ àmì ìṣẹ́ tí Ọlọ́run fi sí ara ènìyàn dúdú nìkan. Ọmọ tí ilé bàbá rẹ̀ jẹ́ ti amọ̀ kì í fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ilé ní àkókò ìsinmi. Bí olùkọ́ bá fi àwòrán Nantwallter hàn wọ́n, tí ó sì sọ pé ìlú òyìnbó ni, ìtìjú náà kò ní tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n yóò pàdánù ìdí kan pàtàkì.

Wọn kò fi mọ sí ilé. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn òṣìṣẹ́ St Fagans ti ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí oko àti abúlé, tí wọ́n ń gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè wọn: orúkọ apá ara kẹ̀kẹ́ ẹrù, orúkọ ohun èlò ìdáná, bí a ti ń pe màlúù wọlé. Nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà, èdè Welsh ni a kọ́kọ́ ń kà lára pátákó ìtọ́sọ́nà kí a tó ka Gẹ̀ẹ́sì. Ilé àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ wà lábẹ́ òrùlé kan.

Jos, àti ìṣòro amọ̀

Ní orílẹ̀-èdè wa, Ẹ̀sìẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ní 1945, fún àwọn ère òkúta tí ó lé ní 1000. Ti Jos, tí Bernard Fagg dá sílẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1952. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀ka ilé ìbílẹ̀ Nàìjíríà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe atọ́nà iṣẹ́ náà ni Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán-ilé ọmọ Pólándì, tí ó ti ń rìn káàkiri Nàìjíríà láti òpin àwọn ọdún 1950, tí ó ń fi okùn wọn ilé, tí ó sì ń yà á sí ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ìwé ńlá mẹ́ta ní 1990, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwé kejì ni ó kan ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ilẹ̀ wa. Ó ṣe ni láàánú pé ìwé náà wọ́n, ibi ìkàwé tí ó ní in kò sì pọ̀. (Ọdún kan náà, 1982, ni òun àti Peate kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gbọ́ pé wọ́n mọ ara wọn.)

Àlejò tí ó bá wọ ọgbà náà ní Jos yóò rí odi Kano àti mọ́sálásí Jímọ̀ ti Zaria ní ìwọ̀n wọn gan-an. Babban Gwani Mikaila ni ọ̀mọlé tí ó mọ mọ́sálásí Zaria ti ìbẹ̀rẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Amọ̀ ni, ṣùgbọ́n amọ̀ tí ó tẹ̀ kọdọrọ bí òṣùmàrè lókè orí ènìyàn. Igi tí àwọn Hausa ń pè ní azara, tí ikán kì í fẹ́ jẹ, ni wọ́n tẹ́ sínú amọ̀ náà bí egungun.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín èyí àti ti Swídìn. Ilé onígi ṣeé tú, ó ṣeé dì, ó ṣeé tún tò. Ilé alámọ̀ kò ní òkúta tí a ó fi nọ́ńbà sí lára. Bí a bá wó o, erùpẹ̀ ni ó kù. Nítorí náà, kì í ṣe ilé ni wọ́n gbé dé Jos. Ìmọ̀ ni wọ́n gbé dé ibẹ̀. Wọ́n ní láti tún ilé náà mọ láti ìpìlẹ̀, pẹ̀lú amọ̀ tuntun, ní ọ̀nà tí àwọn ọ̀mọlé ń gbà mọ ọ́n. Àwọn kan lè sọ pé ayédèrú ni nígbà náà. A kò fara mọ́ ọn. Oríkì tí akéwì ké ní òwúrọ̀ yìí kì í ṣe ayédèrú èyí tí bàbá rẹ̀ ké. Tí kò bá ké e, kò sí níbì kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ilé alámọ̀ rí.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni òjò. Ilé alámọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń parí. Bí òrùlé bá ti jò, ògiri yóò lanu, gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí aláǹgbá ń ṣe sí ògiri tí ó lanu. Ọdọọdún ni a gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹ, kí a sì pààrọ̀ koríko orí rẹ̀ lóòrèkóòrè. Àwọn baba wa mọ èyí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọdún. Ní Ọ̀yọ́, koríko bẹẹrẹ tí a fi ń bo ilé ni ó fún ọdún Bẹẹrẹ lórúkọ. Àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a máa kó o wá fún bíbo ààfin. Ìlú tí ó bá gbé koríko tirẹ̀ wá ti sọ ta ni olúwa rẹ̀. Àtúnṣe òrùlé jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó gba ilé alámọ̀ láìgba ìnáwó ọdọọdún rẹ̀ gba ara nìkan, kò gba ẹ̀mí.

Òfin nìkan kò sì tó. Ilé Ilọ́jọ̀, tí Àgùdà kan kọ́ ní gbàgede Tinúbu ní Èkó ní 1855, ti wà lára àwọn ilé tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láti 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, katakata wó o palẹ̀.

Bí a ó ti ṣe ìbẹ̀wò náà

Kíkó ọgọ́rin akẹ́kọ̀ọ́ sínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n yí ọgbà po ní wákàtí kan, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n sì jẹun padà sílé, kì í ṣe ìbẹ̀wò. Ilé kan ṣoṣo tó fún ọjọ́ kan. Kí wọ́n wọlé, kí wọ́n jókòó, kí ojú wọn mọ́ra pẹ̀lú òkùnkùn inú rẹ̀. Kí wọ́n ṣàkíyèsí ẹni tí ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé, ibi tí èéfín ń gbà jáde, ibi tí ẹni tí ó jókòó ti lè rí ẹni tí ń bọ̀ kí ẹni náà tó rí i. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ìwé kékeré wọn yóò kún fún ọ̀rọ̀-orúkọ. Kí olùkọ́ rọ̀ wọ́n láti wá ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí òun ni ó ń kọ́kọ́ sọnù. A ń po amọ̀, a ń tẹ̀ ẹ́, a ń mọ ògiri, a ń rẹ́ ẹ, a ń pa ilẹ̀, a ń bo ilé. Bírìkìlà òde òní ń "kọ́" ni, ó ń "to" búlọ́ọ̀kù, ó ń "pílásítà". Ọ̀mọlé àti bírìkìlà kì í ṣe orúkọ méjì fún iṣẹ́ kan.

Kí olùkọ́ sì ṣọ́ra fún adùn. Ilé tí a fi ṣe ìwòran máa ń mọ́ ju ilé tí ènìyàn ń gbé lọ. Kò sí ìkókó tí ń ké níbẹ̀, kò sí orogún tí kò bá orogún sọ̀rọ̀, kò sí obìnrin tí èéfín ti fọ́ lójú, tí ó ti pọn omi ẹ̀ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́. Koríko orí ilé ń tu ara lóòótọ́, ó sì ń jóná. Páànù ń gbóná, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn sùn ní alẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn láìbẹ̀rù ẹ̀ta iná. Àwọn tí ó fi owó kòkó ra páànù kì í ṣe òmùgọ̀.

Jos jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, owó ọkọ̀ kò sì kéré. Ẹ̀ka tí kò lè lọ lè rí agbo-ilé kan tí ògiri rẹ̀ ṣì dúró ní ìlú tí ó wà. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ dá nìkan lọ kí baálé ilé, kí ó gba àṣẹ, kí ó sì bèèrè bí ọ̀mọlé kan bá ṣì wà láàyè ní àdúgbò. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò kéré ní ọjọ́ orí mọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe tún ọ̀rọ̀ bàbá ṣe sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Bí ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì àti ará Ọ̀yọ́ bá pe ipele amọ̀ kìíní ní orúkọ mẹ́ta, kí a kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ìwé tí a kọ ọ́ sí ní orúkọ ìlú, ọjọ́ tí a bèèrè àti ohun tí ọwọ́ bàbá ń ṣe nígbà tí ó ń sọ ọ́. Kí ẹ̀dà kan wà ní ẹ̀ka, kí èkejì sì padà sí ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nínú agbo-ilé náà, kí wọ́n lè tún un kà nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí bóyá kí wọ́n wó o.